Àjẹsára Ọmọdé: Ta Ni Ó Yẹ Kí Òfin Mú?

Nígbàkígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá gbé àpótí oníyìnyín wọn kọ́ èjìká, tí wọ́n sì ń ti ojúlé dé ojúlé ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àríyànjiyàn kan náà ni ó máa ń tẹ̀lé wọn. Ẹnì kan a wí pé òun ni òun bí ọmọ òun, kò sì sí ìjọba tí ó lè pàṣẹ ohun tí yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn a dáhùn pé ó yẹ kí ìjọba ṣe òfin, kí wọ́n sì mú irú òbí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì a sì máa fa ọ̀rọ̀ náà lọ bí ẹni pé ohun tí ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ iwájú ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú rárá. Òfin náà ti wà. Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003, abala 13 wí pé kí gbogbo òbí, alágbàtọ́, tàbí ẹnikẹ́ni tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, rí i dájú pé ọmọ náà gba àjẹsára ní pípé. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀ sí òfin. Nígbà àkọ́kọ́, yóò san owó ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ. Bí ó bá tún ṣe é, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé di tirẹ̀. Nínú àwọn òbí tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, díẹ̀ ni ó mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé òfin. Àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi pàápàá, tí ìwé jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, ẹnu yà wọ́n.

Nítorí náà, ohun tí ó kù fún wa láti yẹ̀ wò ni ẹni tí òfin náà dè, àti ẹni tí ó fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú abala kan náà yẹn ni a ti kọ ọ́ pé kí gbogbo ìjọba tí ń bẹ ní Nàìjíríà pèsè ìtọ́jú ìlera fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n sì tẹra mọ́ ìtọ́jú ìlera alábọ́dé tí ó sún mọ́ àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n a kò kọ ìyà kankan sí ẹ̀gbẹ́ ti ìjọba. Òbí tí ó bá kùnà yóò san owó, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìjọba tí ó bá kùnà, abala náà kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, mo sì ti da ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àṣẹ kọ. Mo mọ̀ pé ibi tí ìyà bá wà nínú ìwé nìkan ni ojú àwọn ènìyàn máa ń dúró sí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àjèjì ni ọ̀ràn àjẹsára jẹ́ sí wa, kí ó wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àjẹsára ni ohun tí a jẹ sí ara kí ibi má baà rí àyè wọlé. Àwọn baba wa ti ń sín gbẹ́rẹ́, wọ́n sì ti ń jẹ oògùn sára kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ abẹ́rẹ́ rárá. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin ẹrú kan láti Áfíríkà, tí wọ́n fún ní orúkọ Onesimus, sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather tí í ṣe àlùfáà, pé ní ilẹ̀ àwọn, wọ́n a máa mú nínú ọyún ara ẹni tí olóde ń bá jà, wọ́n a fi í sí ojú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Àrùn náà a fọwọ́ bà á díẹ̀, kò sì ní padà wá bá a jà mọ́. Nígbà tí olóde bo Boston mọ́lẹ̀ ní 1721, dókítà kan tí ń jẹ́ Zabdiel Boylston dán ọ̀rọ̀ ẹrú yìí wò. Nínú àwọn tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 7 ni ó kú. Nínú àwọn tí Boylston sín ní gbẹ́rẹ́, nǹkan bí ẹnì kan nínú 40. Ọpẹ́ tí ìlú fi fún wọn ni pé ẹnì kan ju àdó olóró gba ojú fèrèsé wọ ilé Mather, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò bú. Ní 1796, Edward Jenner, dókítà ìgbèríko kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá rí ọ̀nà tí ó rọrùn ju èyí lọ: ó mú omi egbò tí màlúù kó ran ọmọbìnrin kan tí ń fún wàrà, ó fi í sí apá ọmọdékùnrin ọlọ́dún 8, olóde kò sì lè ran ọmọ náà mọ́. Láti ibẹ̀ ni bíbu apá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn àgbà kì í dárúkọ àrùn yìí ní gbangba. Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde, tàbí Baba. Ẹni tí ó bá pa, a kì í sunkún rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n ń ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ dá. Àwọn àwòrò Ṣànpọ̀nná ni yóò gbé òkú náà sin, àwọn náà ni yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Dókítà Ogúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní 1861 tí ó sì kú ní 1935, wọ inú ẹgbẹ́ wọn lọ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn ran ẹlòmíràn. Àṣírí tí ó tú yìí ni ó mú kí ìjọba ìgbà náà fi òfin de ìsìn Ṣànpọ̀nná. A ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ogun Jálumi tí a jà ní Ìkìrun ní 1878, àti bí odò Ọ̀tìn ti gbé àwọn tí ń sá lọ. A kò kọ́ wọn ní ìtàn àwọn tí olóde gbé lọ, nítorí a ti kọ́ àwọn ìyá ìyá wa kí wọ́n má ṣe sunkún.

Òfin tí a ṣe nítorí iṣẹ́ Sàpárà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó lé olóde jáde ní ilẹ̀ yìí. Bíbu apá ni, láti ìlú dé ìlú àti láti abà dé abà. Ní òpin ọdún 1966, ní agbègbè Ògójà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àjẹsára tí ó wà lọ́wọ́ William Foege, dókítà míṣọ́nnárì ti ìjọ Lutheran, kò lè kárí gbogbo ènìyàn. Ó lo rédíò tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lálaalẹ́ láti bèèrè ibi tí olóde wà gan-an. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bu apá àwọn tí ó yí ibẹ̀ ká, bí ẹni tí ń ro ẹ̀gbẹ́ oko kí iná má baà ràn kọjá. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n wá fi lé àrùn náà káàkiri ayé. Nàìjíríà rí olóde kẹ́yìn ní 1970. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé.

Kí ó tó tán, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó kan àwa onígbàgbọ́ gidigidi. Ní 1967, olóde wọ ìlú Abakaliki ní ilẹ̀ Ìbò, ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 30,000 lọ. Àwọn 32 ni ó mú. Nínú àwọn 32 yìí, 30 ni ó jẹ́ ọmọ ìjọ Faith Tabernacle, ìjọ tí orísun rẹ̀ wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ti ní àjọṣe rí pẹ̀lú àwọn aládùúrà ilẹ̀ Yorùbá wa ní àwọn ọdún 1920. Ẹ̀kọ́ wọn kò gba oògùn láàyè, kò sì gba bíbu apá. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí ó wà ní ìlú náà, agbo ilé àwọn wọ̀nyí ni àrùn náà mọ̀, ọmọdé sì wà nínú àwọn tí ó mú. Èmi kò sọ èyí láti fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Mo mọ̀ wọ́n ní olódodo ènìyàn, àdúrà wọn sì lè ga ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó yan láti dúró lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọdé tí a kò bi léèrè. Ó sì tún ku ẹni 2 nínú àwọn 32 náà. Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ìjọ rárá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí ni gbogbo ẹjọ́ àwọn tí ń fẹ́ kí àjẹsára jẹ́ dandan, bí a bá sì fi àrùn èéyi dán an wò, ẹjọ́ náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní èéyi lè kó o ran àwọn 12 títí dé 18 bí kò bá sí ẹni tí ó ní ààbò láàrin wọn. Afẹ́fẹ́ yàrá tí ó ti jáde kúrò ṣì lè ran ẹlòmíràn fún wákàtí 2. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ èéyi, ní ètò ti Nàìjíríà, kì í kan ọmọ kí ó tó pé oṣù 9. Kí ni yóò wá dáàbò bo ọmọ oṣù 7? Àwọn tí ó yí i ká ni, bí wọ́n bá ti gbà á. Àwọn onímọ̀ wí pé bí 95 nínú 100 kò bá gbà á, èéyi yóò máa rí ọ̀nà gbà.

Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ èrò tí ó gbéra ní Òṣogbo ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó dúró ní Ìkìrun, ó já èrò sílẹ̀ ní Ìnísà, ó sì fi Òkukù ṣe òpin ìrìn rẹ̀. Èéyi lè bá a dé ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ìyá tí ó kọ abẹ́rẹ́ ní Ìkìrun rò pé òun ṣe ìpinnu fún ọmọ òun nìkan; ó ti ṣe é pẹ̀lú fún ọmọ oṣù 7 tí ó wà lórí itan ìyá tí ó jókòó tì í, ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì bá a gbìmọ̀. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 107,500 ènìyàn ni èéyi pa ní gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Nítorí náà èmi kò lè bá ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ ilé òun nìkan ni gba ohùn pọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sáré jù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé òfin yìí lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ṣáájú wa. Láti 1853 ni ó ti di dandan níbẹ̀ kí a bu apá ọmọ jòjòló kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Wọ́n ń bu owó ìtanràn fún àwọn òbí tálákà léraléra, wọ́n ń ta àga àti tábìlì inú ilé wọn láti fi san án, wọ́n sì ń fi àwọn mìíràn sí ẹ̀wọ̀n. Inú àwọn ènìyàn kò rọ̀, ńṣe ni ó le sí i. Ní ìlú Leicester ní 1885, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó jáde sí ìgboro láti kọ òfin náà. Nígbà tí ó di 1898, ìjọba fi àyè sílẹ̀ fún òbí tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á.

Ní Amẹ́ríkà, pásítọ̀ ni ó gbé ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Henning Jacobson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tí ń ṣọ́ ìjọ Lutheran ní Cambridge, Massachusetts, kọ̀ láti bu apá. Ó ní bíbu apá ti ṣe òun ní ibi nígbà èwe òun. Wọ́n ní kí ó san 5 dọ́là. Ó gbé ẹjọ́ lọ títí dé òkè, ní 1905 ni àwọn adájọ́ sì dá a lẹ́bi. Wọ́n wí pé òmìnira ẹnì kan kò lè di ewu fún gbogbo ìlú. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìdájọ́ náà ni pé wọn kò ní kí a de pásítọ̀ mọ́lẹ̀ kí a gún un. Owó ni wọ́n ní kí ó san. Wọ́n sì wí pẹ̀lú pé kò tọ́ kí òfin mú ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba abẹ́rẹ́ náà láìséwu. Ìdájọ́ ọlọ́gbọ́n ni mo pe èyí.

Àwa ará ìhà ìsàlẹ̀ yìí a máa fi àwọn ará Kánò ṣẹ̀sín nítorí pé wọ́n kọ oògùn àrùn rọpárọsẹ̀ ní 2003. Òótọ́ ni pé ibi púpọ̀ ti ibẹ̀ wá: àrùn náà ràn láti Àríwá Nàìjíríà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì di arọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó ba àwọn ará Kánò ní ìyá tí ó bí i. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ wọn, ilé iṣẹ́ Pfizer wá dán oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ ní Kánò. Ọmọ 11 ni ó kú nínú àwọn 200 tí ó wà nínú ìdánwò náà. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé oògùn àwọn ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn òbí wí pé a kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà fà títí di 2009 kí Pfizer tó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ta ni yóò wá bá àwọn òbí náà wí pé wọ́n bi alábẹ́rẹ́ ní ìbéèrè? Ọlọ́pàá kọ́ ni ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe níkẹyìn. Àwọn ọba, àwọn àlùfáà Mùsùlùmí àti àwọn onímọ̀ tiwọn ni ó yẹ oògùn náà wò, wọ́n sì gbà á ní gbangba. Ní oṣù kẹjọ 2020 ni a kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ àbáláyé.

Èyí tí ó bà mí nínú jẹ́ jùlọ ni ti erékùṣù Samoa, orílẹ̀-èdè kékeré kan nínú òkun Pàsífíìkì tí ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 200,000 lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ onígbàgbọ́ bí tiwa. Ní 2018, ọmọ 2 kú ní kété tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ èéyi. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà kò ní ẹ̀bi: àwọn nọ́ọ̀sì ti fi oògùn mìíràn, tí a fi ń rọ iṣan ara, po ìyẹ̀fun rẹ̀ dípò omi. Ìjọba dá gbogbo ètò náà dúró fún oṣù púpọ̀, ọkàn àwọn òbí sì kúrò lára rẹ̀. Ní 2019 èéyi dé. Ó mú àwọn tí ó ju 5,700 lọ, ó sì pa 83, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ọmọ kéékèèké. Nígbà náà ni ìjọba sọ àjẹsára di dandan. Wọ́n ti ilé ìwé pa, wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìjọba pa fún ọjọ́ 2, wọ́n sì ní kí ilé tí ó bá ní ẹni tí kò tíì gbà á ta aṣọ pupa sí iwájú ìta, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè mọ ibi tí wọn yóò yà sí.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti tò: àṣìṣe ti ọwọ́ àwọn tí ń fúnni ní abẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá, ẹ̀rù àwọn òbí ni ó tẹ̀lé e, ikú ni ó tẹ̀lé ẹ̀rù, ẹ̀yìn ikú ni òfin dé. Aṣọ pupa ni a sì ta sí iwájú ilé àwọn òbí.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilé. Ní ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nínú ọmọ 100 tí ó wà láàrin oṣù 12 sí 23, 31 péré ni ó ti gba gbogbo àjẹsára tí ó yẹ, 19 ni kò sì gba ẹyọ kan. Ti ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù sàn ju ti àríwá lọ. Ǹjẹ́ gbogbo àwọn tí ó kù yìí ni òbí wọn kọ̀? Rárá o. Ìdí kan wà tí ẹni tí kò bá tíì jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kò lè mọ̀. Ìgò kékeré kan ti abẹ́rẹ́ BCG, èyí tí ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, a máa tó ọmọ 20. Ti èéyi a máa tó ọmọ 10. Ìyẹ̀fun ni ó wà nínú wọn, omi tirẹ̀ ni a fi ń pò ó, bí a bá sì ti pò ó, wákàtí 6 ni ó ní. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, a ó dà á nù. Nítorí náà, bí ìyá kan ṣoṣo bá dé, nọ́ọ̀sì kò ní fẹ́ ṣí ìgò ọlọ́mọ 20 nítorí ọmọ kan, kí àwọn ọ̀gá má baà bi í léèrè ibi tí 19 wọlé sí.

Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyá náà ti abà wá. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ojú títì, ó ti san owó ọkọ̀, ó sì ti fi ọjọ́ iṣẹ́ kan sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wí fún un pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ yín nìkan ni ó wá." Ìyá náà dáhùn pé, "Ó dára, mà," ó sì tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n. N kò rí i kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Bí òṣìṣẹ́ òfin bá mú abala 13 lọ bá obìnrin yẹn ní abà rẹ̀, tí ó sì ní kí ó san 5,000 náírà, ìdájọ́ wo ni èyí? Nọ́ọ̀sì pàápàá, èmi kò bá a wí. Ohun tí a ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Ibi tí a kò bá ti ní iná mànàmáná tí ó dúró láti mú kí àjẹsára wà ní òtútù, láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí ohun tí a fi ń wọn ooru, ibi tí a kò ti ní owó epo fún alùpùpù tí yóò gbé àpótí lọ sí abà, ta ni ó kùnà sí òfin?

Ẹ̀yin baba, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀. Òbí ni òfin wí, kò wí ìyá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ìyá ni ó ń gbé ọmọ lọ, baba ni ó ń fún un ní owó ọkọ̀ tàbí tí kì í fún un, baba náà ni yóò sì wí ní alẹ́ pé òun kò fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó mú kí ara ọmọ gbóná. Ara ọmọ lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì lóòótọ́, egbò kékeré sì máa ń yọ sí apá lẹ́yìn BCG. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn baba ni ó kọ́kọ́ ń tan ọ̀rọ̀ náà ká pé yóò sọ wọ́n di àgàn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀. Ó ní rárá, fóònù ni òun ti kà á.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí, bí àwọn tí ń ṣe òfin ní Òṣogbo bá lè gbọ́. Kí dandan náà dúró. N kò ní kí a pa á rẹ́, nítorí ọmọ oṣù 7 inú ọkọ̀ yẹn kò ní agbẹjọ́rò mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ de ẹni tí ó ní agbára: kí a kọ ọ́ sínú òfin pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ dá ọmọ padà ní ọjọ́ àjẹsára, ìbáà ṣe òun nìkan ni ó wá, kí a sì gbà pé àjẹsára tí a dà nù kò wọ́n tó ọmọ tí kò padà wá. Kí a kọ ìyà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí a ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti òbí. Bí ìjọba bá sì pàṣẹ abẹ́rẹ́, tí ó sì ṣe ọmọ kan ní ibi, bí irú rẹ̀ tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, kí ìjọba tọ́jú ọmọ náà láìjẹ́ pé baba rẹ̀ ta ilẹ̀ láti gbé ẹjọ́ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1979, Amẹ́ríkà sì ṣe tirẹ̀ ní 1986. N kò rí ọ̀rọ̀ kan bí èyí nínú abala 13.

Àwọn kan ní kí ilé ìwé máa lé ọmọ tí kò ní káàdì àjẹsára padà sílé. Èmi kò fẹ́ ìyẹn. Ọmọ kọ́ ni ó kọ̀, òun ni a ó sì fi ìwé dù. Kí tíṣà bèèrè káàdì lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tuntun, kí ó kọ orúkọ àwọn tí kò ní i, kí nọ́ọ̀sì sì wá bá wọn ní ilé ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin òbí tí ó bá kọ̀ lẹ́yìn tí a ti bá yín sọ̀rọ̀, tí àlùfáà yín tàbí lèmọ́mù yín ti bá yín sọ̀rọ̀, tí abẹ́rẹ́ sì ti dé ẹnu ọ̀nà yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ni kí owó ìtanràn bá. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé 5,000 náírà tí ó jẹ́ owó gidi ní 2003 kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan tàbí méjì nínú ilé lọ mọ́, ẹni tí ó bá ń rò pé òun ni yóò yí ọkàn alágídí padà ń tan ara rẹ̀ ni.

Fún àwọn tí wọ́n bí ọmọ ní ọ̀sẹ̀ yìí: nígbà ìbí ni BCG, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ àti abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀, ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni Penta, tí ó ní ti ikọ́ líle àti ti àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan nínú, pẹ̀lú ti àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, ní oṣù 9 ni èéyi àti ibà pọ́njú, ní oṣù 15 ni èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ fi káàdì náà sí ibi tí ẹ ń fi ìwé ìsàmì ọmọ sí, kí eku má baà jẹ ẹ́.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tí ọ̀ràn yìí kàn ní agbègbè wa, Ifẹ́lódùn tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkìrun, àti Odò-Ọ̀tìn tí tirẹ̀ wà ní Òkukù, lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de òfin tuntun kankan. Kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri gbogbo ilé ìwòsàn ní oṣooṣù, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí a ó ṣí ìgò BCG àti ọjọ́ tí a ó ṣí ti èéyi sí i ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí láti kà síta. Bí wọ́n bá fi ti Òkukù ránṣẹ́ sí mi, èmi yóò dà á kọ fún àwọn abà tí ó yí wa ká láìgba kọ́bọ̀.